Ìṣísẹ̀ Mẹ́rin Láti Dò dé Mí

Ayálégbé wa kan ló kó jáde lóru láìsan owó ilé oṣù méjì. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tó fi sílẹ̀ fún wa ò pọ̀: fóòmù tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, sítóòfù tí kò ní òwú nínú, àti gìtá kan tó fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de àwọn, àwọn ń bọ̀. Ìyàwó mi ní kí n tà á, ká fi dí díẹ̀ nínú owó náà. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní apá Ọláìyá, níbí ní Òṣogbo. Iye tó dá lé e, mi ò ní sọ ọ́ níbí, torí àwọn ọmọ mi máa ń ka búlọ́ọ̀gù yìí. Mo gbé gìtá mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Òkè-Báálẹ̀. Bí mo ṣe di onígìtá nìyẹn, lọ́mọ ọdún 47.

Kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Tíṣà Yorùbá ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ sójú pátákó fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé girama. Ọkọ, re re. Ọkọ́, re mí. Ọkọ̀, re dò. Ọ̀kọ̀, dò dò. Àwọn ọmọ á máa pè é bí orin, èmi náà á máa fi ọ̀pá tọ́ka sí i bí olórí akọrin. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà yẹn pé ṣé mo mọ dò, ṣé mo mọ mí, màá bínú. Ta ló tún fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ?

Gìtá yìí ló tú àṣírí mi.

Okùn mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù lára ẹ̀ nígbà tó dé ọwọ́ mi. Mo lọ ra tuntun. Ẹni tó tà á ò bi mí ní ìbéèrè kankan, èmi náà ò sì mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi í. Okùn irin ló kó fún mi. Bẹ́ẹ̀ gìtá ọwọ́ mi yìí, gìtá okùn ọ̀rá ni, irú èyí tí ọrùn ẹ̀ fẹ̀, tí mẹ́ta nínú okùn ẹ̀ dà bí okùn tí apẹja fi ń so ìwọ̀. Okùn irin máa ń fa gìtá ju okùn ọ̀rá lọ gan-an, pákó irú gìtá bẹ́ẹ̀ kì í sì í gbà á. Mi ò mọ̀. Mo lọ́ ọ títí ó fi le dáadáa, mo gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, mo lọ sùn.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, a gbọ́ gbàù! Ìyàwó mi ní olè ni. Àwọn ìbejì wa sá wọ yàrá wa. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo mú àdá, mo yọ́ lọ sí pálọ̀. Gìtá ni. Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn ẹ̀, èyí tí wọ́n so ìdí okùn mọ́, tí àwọn onígìtá ń pè ní bridge, ti ṣí kúrò pátápátá, ó ń fì dirodiro lẹ́nu okùn bí ẹja tó gbé ìwọ̀ mì.

Kápẹ́ńtà kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ló bá mi lẹ̀ ẹ́ padà. Ó da gọ́ọ̀mù funfun sí i, ó fún un mọ́lẹ̀, ó ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ ẹ̀ mọ́, àmọ́ ibi tí ojú ẹ̀ sọ fún un pé ó dáa ló lẹ̀ ẹ́ sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ nípa gìtá nìyẹn, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ta á rárá: ojú ò tó fún un, rúlà ni. Ẹ rí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn ẹ̀, láti ibi egungun funfun tí okùn gùn lé lápá orí, ẹ kà wọ́n dé orí ìkejìlá. Iye tí ibẹ̀ bá jẹ́, iye yẹn náà, tàbí kó fi bíńtín lé e, ni irin kejìlá gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí ibi tí okùn gùn lé lórí bridge. Ìdajì okùn ni irin kejìlá. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32 àti ààbọ̀ lápá orí, ó wá jẹ́ 33 lápá ìdí. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà yẹn ti tó kí ohùn máa ṣìnà bí ọwọ́ bá ṣe ń sún mọ́ ikùn gìtá. A tún ṣí i, a tún lẹ̀ ẹ́. Kápẹ́ńtà ní láti ìgbà tí òun ti ń kan ilẹ̀kùn, kò sí oníbàárà tó fi rúlà han òun léèmọ̀ tó báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi owó ọtí lé e.

Okùn ọ̀rá ni mo wá ra lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó ń kọ́ mi, èmi ni mo kọ́ ọ rí. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jókòó síwájú mi ní kíláàsì, kò sì sọ́jọ́ kan tó fi àmì ohùn sórí gbólóhùn kan tán. Lónìí òun ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń wá, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, bàtà ẹ̀ á ti kún fún eruku.

Ìṣòro àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìka, ti ẹ̀kọ́ ilé ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́, tó gbẹ̀kọ́, báwo ló ṣe fẹ́ lajú sílẹ̀ kó sọ fún tíṣà ẹ̀ pé ohun tó ń ṣe ò dáa? Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí mo bá ta, “Ó dáa, sà.” Ohun tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ há sẹ́nu géètì. “Ó dáa, sà.” Nígbà tó sú mi, mo ní, “Wò ó, nígbà tí o wà ní kíláàsì mi, ṣé mo máa ń sọ fún ẹ pé ó dáa tí kò bá dáa?” Ó rẹ́rìn-ín. “Rárá, sà. Ẹgba lẹ máa ń nà wá.” Láti ọjọ́ yẹn ló ti dá ọgbọ́n kan. Kò bá ìka mi wí rí, okùn ló máa ń bá gbẹjọ́. “Okùn kejì ń ráhùn, sà.” “Okùn kìn-ín-ní ò rí èémí mí, sà.” Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, okùn kẹta ní kí n bá òun bẹ̀ yín.”

Kọ́ọ̀dù C major, ìyẹn ohùn mélòó kan tí wọ́n ń gbá pọ̀, ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń rò pé nǹkan ìṣẹ́jú márùn-ún ni, torí ìka mẹ́ta péré ni. Okùn kìn-ín-ní lèyí tó tín-ín-rín jù, tó wà nísàlẹ̀ tí gìtá bá wà láyà yín, ẹ̀ẹ́ máa kà á lọ sókè. Ìka òrùka á tẹ okùn karùn-ún sídìí irin kẹta. Ìka àárín á tẹ okùn kẹrin sídìí irin kejì. Ìfábẹ̀lá á tẹ okùn kejì sídìí irin kìn-ín-ní. Okùn kẹta àti okùn kìn-ín-ní á wà lófìfo, ẹ ò sì gbọdọ̀ gbá okùn kẹfà. Ó tán.

Ọwọ́ òsì ni gbogbo èyí o. Ọwọ́ tí a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, tí a kì í fi jẹun, òun ni gìtá gbé iṣẹ́ ọpọlọ lé lọ́wọ́, tó wá ní kí ọ̀tún máa gbá okùn lásán. Ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì mi yìí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò fá ọbẹ̀ kankan lá rí. Orúkọ nìkan ló ń jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé iṣẹ́ fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Tíṣà mi kékeré ní kí n má gbá a pọ̀, kí n máa ta á lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè wá. Okùn karùn-ún: ó dún. Okùn kẹrin: ó ń han bí eṣinṣin tó há sínú ike. Okùn kẹta: pọ̀, bí ẹni ń lu páálí, torí ìka àárín mi ti fara tì í. Okùn kejì dún díẹ̀. Okùn kìn-ín-ní ò dún rárá, ikùn ìfábẹ̀lá mi ti jókòó lé e. Nínú okùn márùn-ún, méjì ló gbọ́ràn, mo sì ti ń làágùn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún mi ṣe. Orí ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ikùn ìka, kí ìka dúró gangan bí òpó ilé, kó lè fi àyè sílẹ̀ fún okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èékánná gbọ́dọ̀ kúrú. Àtàǹpàkò á wà lẹ́yìn ọrùn gìtá, kò ní wá yọjú sókè bí ẹni ń yọ́ wòran. Ìdí irin ni wọ́n ń tẹ̀, kò gbọdọ̀ jìnnà sí irin, kò sì gbọdọ̀ gun orí irin. Èmi ti ń tẹ̀ ẹ́ jìnnà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi agbára tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo sún ìka òrùka síwájú díẹ̀, bóyá kò tó ìbú ìrẹsì kan, ohùn náà là kedere, agbára tí mo ń lò sì dín kù sí ìlàjì.

Àmọ́ ìka ń dùn mí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta wà lórí ìka mẹ́ta, pupa, bíi pé mo fi ọ̀bẹ wẹ́wẹ́ sàmì sí i. Ìyàwó mi, aláàdìrẹ ni, ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé, ìlú aró. Ó wò ó, ó na ọwọ́ tiẹ̀ sí mi, èyí tí aró ti wọ inú èékánná ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ rò pé aṣọ máa ń mu aró lẹ́ẹ̀kan ni? Ẹ rì í bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ẹ tún rì í bọ̀ ọ́.” Mo ti ń ta á ní wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé, màá wá pa á tì títí di Sátidé mìíràn. Mo yí i padà sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ alẹ́ wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin, awọ ìka náà ti ki. Mo máa ń fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí ojú máa ti ará Òṣogbo tí kò bá lè ta gìtá, ṣebí ìlú yìí ni wọ́n bí Sunny Adé sí ní 1946, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Oǹdó ni. Tíṣà mi kékeré máa ń fi í yọ mí lẹ́nu. Ó gbé fóònù ẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí n ka iye gìtá tó wà nínú orin Sunny Adé kan. Mo kà á, ó dàrú mọ́ mi lójú. Kò sí èyí tó ń gbá kọ́ọ̀dù gbàràgàdà látòkè délẹ̀. Ọ̀kan ń tún gbólóhùn kékeré kan sọ, òmíràn ń dá a lóhùn, bí omele ṣe ń ṣe sí ìyáàlù. Ó ní kí n kó gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ jọ sójú kan. Kọ́ọ̀dù ni. Méjì tàbí mẹ́ta péré lè gbé orin jùjú kan láti alẹ́ di ìdájí.

Mo bi í pé kí ló wá ń jẹ́ kọ́ọ̀dù gan-an. Ó ní, “Sà, ẹ yọ ọwọ́ òsì kúrò lára ẹ̀.” Mo yọ ọ́. “Ẹ gbá okùn kẹrin, ìkẹta àti ìkejì nìkan.” Mo gbá a.

Ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí. Ó dún bí ìgbà tí gbogbo ìjọ bá ṣàmín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N ò tẹ nǹkan kan! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń bá C jìjàkadì, G major ti jókòó sáàárín gìtá, kò bèèrè ìka kankan lọ́wọ́ mi. Orúkọ ohùn okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni D, G, B. Tí ẹ bá fi do re mi àwọn akọrin pè é, G ni do, B ni mi, D ni so, àmọ́ so yìí wà nísàlẹ̀ do, ó kàn bá àwọn méjèèjì jókòó ni. Tí ẹ bá fi ọmọńdinrín tàbí ìka òrùka tẹ okùn kìn-ín-ní sídìí irin kẹta, G míì tún dé, ó di okùn mẹ́rin. Bí ọmọkùnrin yìí bá fi èyí bẹ̀rẹ̀ fún mi, mi ò bá má rojọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó fi ọwọ́ họ orí. “Ẹ̀yin náà ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn fún wa nígbà yẹn, sà. Àrokò lẹ kọ́kọ́ gbé fún wa.”

Do, mi, so. Gbogbo ohun tí major chord jẹ́ nìyẹn: ohùn mẹ́ta. Ìyókù, àsọtúnsọ ni. C tí mo ń tẹ̀ yẹn, okùn márùn-ún ló ní, àmọ́ C, E, G ló wà níbẹ̀, C lẹ́ẹ̀mejì, E lẹ́ẹ̀mejì, G lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí wọ́n fi rẹ́ ara wọn kì í ṣe àṣírí: nígbà tí do bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin, mi á gbọ̀n lẹ́ẹ̀marùn-ún, so á gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n á sì máa pàdé ara wọn lójú ọ̀nà. (Lórí gìtá, mi máa ń fi díẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìṣísẹ̀ 12 ọgbọọgba ni wọ́n pín àwọn irin sí. Etí mi ò tíì tó mú un.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ó ní kí n ta okùn kẹta lófìfo, kí n pè é ní do. Kí n wá máa tẹ irin kọ̀ọ̀kan lọ síwájú, kí n dúró tí mo bá gbọ́ “mi”. Mo tẹ ìkìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta. Ní ìkẹrin mo dúró. Ó ní kí n ta okùn kejì lófìfo kí n wò ó. Ohùn kan náà ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi okùn kẹta tún okùn kejì ṣe, irin kẹrin. Láàárín àwọn okùn yòókù, irin karùn-ún ni. Irin kan, ìṣísẹ̀ kan: láti do dé mi, ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Láti mi dé so, mẹ́ta. Kò lé, kò dín.

Mo ní, “Mẹ́rin gééré?”

“Mẹ́rin gééré, sà.”

Lóru ọjọ́ yẹn, mo jókòó sí pálọ̀, iná ti lọ, mo gbé gìtá lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ “ìyá” kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo ń wá ohùn ara mi lórí okùn. Ìyá: dò mí. Ìlú: dò mí. Ọ̀rẹ́: dò mí. Èyí tí mo sọ jẹ́ẹ́jẹ́ ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Èyí tí mo sọ bíi pé mo wà ní kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì mo dúró de ìyàwó mi. Kẹ́hìndé, mí dò mí. Tó bá ń pe Kẹ́hìndé wá jẹun, ohùn ẹ̀ máa ń já sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tí Kẹ́hìndé bá ti da omi aró nù, mo kà á kọjá mẹ́jọ, gìtá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i bá. Bẹ́ẹ̀ Kẹ́hìndé ló ń jẹ́ nígbà méjèèjì, kò sì ṣini gbọ́.

Ohun tí mo ti ń kọ́ ọmọ láti ogún ọdún nìyẹn o, mi ò sì wọ̀n ọ́n rí. Mí tiwa kò ní iye. Kó ṣáà ga ju dò lọ, ó tán. Ó ń nà, ó ń sún kì, bí rọ́bà. Ti àwọn onígìtá ní iye, ìyà sì wà fún ẹni tó bá ṣì í kà. Tíṣà mi kékeré fi hàn mí. Ó ta E major: ìka àárín àti ìka òrùka lórí okùn karùn-ún àti ìkẹrin, nídìí irin kejì, ìfábẹ̀lá lórí okùn kẹta, nídìí irin kìn-ín-ní. Ilé kún. Ó wá ká ìfábẹ̀lá nìkan kúrò, kò fọwọ́ kan nǹkan míì. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin di mẹ́ta. Ó dà bí ìgbà tí àwọsánmà bá gba orí òrùlé kọjá. E minor ni wọ́n ń pe ìyẹn. Táíwò tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbórí sókè, ó ní, “Ta ló kú?”

Dò re mí fúnra ẹ̀, àlejò ni nílé wa. Guido, mọ́ńkì ará Ítálì kan, ló fà á yọ látinú orin ìjọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ut ló sì pe do nígbà náà. Àwọn míṣọ́nárì kó o dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ìwé orin, àwa wá rí i pé ó bá ẹnu wa mu, pàápàá bí do ṣe ń ṣí kiri. Tí ẹ bá wà ní C, C ni do. Ẹ lọ sí G, G di do. Bí ohùn bàbá arúgbó àti ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ṣe rí nìyẹn, oníkálukú pẹ̀lú dò tiẹ̀.

Oṣù Kẹjọ dé, ìlú kún fún àlejò ọdún Ọ̀ṣun. Àwọn onídùndún kan ń gba àdúgbò wa kọjá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyáàlù sọ nǹkan kan, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, torí ó ti rí mi lójú wíńdò pẹ̀lú gìtá, ó sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ó ní bàbá arúgbó gbé ọmọ pọ̀n síwájú. Mo fún un lówó. Nígbà tí wọ́n lọ, mo gbá C mi, ó sì dún dáadáa lọ́jọ́ yẹn, okùn márààrún. Kẹ́hìndé bi mí pé, “Dádì, kí ló wí?”

Mo ronú sí i. Kò wí nǹkan kan. Tí mo bá ta do kí n tó ta mi, etí Yorùbá á máa wá ọ̀rọ̀: ṣé ìyá ni, ṣé ìlú ni, àbí òkú? Àmọ́ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jáde pọ̀, ọ̀rọ̀ sá lọ. Èèyàn mẹ́ta ò lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ká gbọ́ ẹnì kankan. Mo ti fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ pé ohùn ni ìtumọ̀, mo wá jókòó síbi tí ohùn pọ̀ sí tí ìtumọ̀ ò sí, ó sì ń dùn mọ́ mi. Mo sọ fún un pé gìtá ń kí wa ni. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti sá lọ bá àwọn onílù kí n tó parí.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, mo gbé e lọ sí kíláàsì. Mo ta okùn kẹta, mo ní dò. Mo ta okùn kejì, mo ní mí. Wọ́n pariwo ọ̀rọ̀ dò mí tí wọ́n mọ̀: ìyá, ìlú, ọ̀rẹ́, ìwé. Mo wá gbá kọ́ọ̀dù náà, mo ní èyí tó ṣẹ́ kù ń jẹ́ so. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Sà, nínú èdè Yorùbá, níbo ni so wà?” Kíláàsì dákẹ́. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn.

Ó ku G, ti odidi, olókùn mẹ́fà. Ìka àárín lórí okùn kẹfà nídìí irin kẹta, ìfábẹ̀lá lórí ìkarùn-ún nídìí ìkejì, ìka òrùka lọ sí okùn kìn-ín-ní nídìí ìkẹta. Mo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Mo mọ C náà tẹ̀. Àtiti ilé ọ̀kan dé ilé èkejì ni wàhálà. Gbogbo ìka ló máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á wá dúró lójú òfuurufú, tí wọ́n á máa wo ara wọn. Ìyàwó mi máa ń béèrè látẹ̀yìnkùlé pé, “Orin wo tilẹ̀ nìyẹn?” Màá ní kì í ṣe orin, kọ́ọ̀dù ni. Á ní, “Ó dáa, tó bá di orin kẹ́ ẹ pè mí.”

Mi ò pè é. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ó jókòó sórí àpótí nídìí ìkòkò aró, ó ń yọ okùn ìko lára aṣọ tó ti rì, èmi wà lórí pèpéle, mò ń gbá C. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kékeré kan tí wọ́n máa ń kọ níbi ìpàdé àwọn obìnrin, orin ìlà méjì péré. Kò wò mí. Ohùn ẹ̀ wọ inú C bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Mo ń gbá a lọ, ọkàn mi ń lù kìkì, torí mo ti gbọ́ ibi tó ń lọ, mo mọ̀ pé níparí ìlà kìn-ín-ní, G ni.

Ó dé ibẹ̀. Ìka mi ò tíì dé. Ìka àárín ti wà níbi tó yẹ, ìfábẹ̀lá ń wá ọ̀nà, ìka òrùka ṣì wà lófuurufú. Mo rò pé á dá orin náà dúró, kó fi mí rẹ́rìn-ín. Kò dá a dúró. Ó na ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀, ó nà án, ó nà án, ó ń tú kókó okùn lára aṣọ lọ bíi pé bí orin náà ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn, títí ìka òrùka mi fi balẹ̀ sórí okùn kìn-ín-ní. Mo gbá a. Ó gba èémí, ó bọ́ sí ìlà kejì.